Egungun Tí Wọ́n Ní Ó Sọnù: Ẹ̀rí Johannesburg lórí Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ẹyẹ

Kò sí agboolé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti mọ adìẹ. Àwọn ọmọ wa mọ ohùn àkùkọ kí wọ́n tó mọ ohùn agogo ilé-ẹ̀kọ́. Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú sọ fún wa pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tan iyẹ̀pẹ̀ ká títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá dìde tí ó sì bèèrè pé níbo gan-an ni ẹyẹ ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ní kí ó jókòó.

Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ẹnu kò sí lónìí ni pé láti inú ìran àwọn ẹranko afàyàfà àtijọ́ ni ẹyẹ ti jáde wá, ìyẹn ìran ńlá tí alángbá, ìjàpá, ejò àti ọ̀nì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Nínú ìran náà, àwọn dáínósọ̀ ni baba ńlá ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ yìí le létí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á láìbèèrè ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìkan ni ẹ̀rí náà wà. Egungun kan wà tí wọ́n sọ ní Yúróòpù pé ó ti sọnù, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣi ọ̀nà fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú àwọn tí ó bá wọn rí i, ní ìlú Johannesburg.

ÒKÈ TROYEVILLE

Ní ìlà-oòrùn àárín ìlú Johannesburg, àdúgbò kan wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí a ń pè ní Troyeville. Ó wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dó ní ìlú náà lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní 1886. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn òmìnira yóò mọ orúkọ rẹ̀. Ní òpópó Albemarle níbẹ̀ ni Mohandas Gandhi gbé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ó tó padà lọ gba India sílẹ̀. Ní Troyeville kan náà, níwájú ilé ara rẹ̀, ni wọ́n ti yìnbọn pa David Webster ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1989. Webster jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Witwatersrand. Ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìgbé-ayé ọmọ ènìyàn ni ó ń kọ́, ó sì ń ṣe alágbàwí fún àwọn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń sọ sí àtìmọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní 1998 ni ilé-ẹjọ́ dá Ferdi Barnard lẹ́bi pé òun ni ó pa á.

Àpáta tí ó wà lábẹ́ àwọn òkè ìlú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bílíọ̀nù 3 ọdún. Wúrà ni ayé fi mọ irú àpáta bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè rí egungun nínú rẹ̀, nítorí kò tí ì sí ẹranko elégungun kan láyé nígbà tí àpáta náà dá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti Troyeville rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní kìlómítà díẹ̀, tí a la àárín ìlú kọjá, a ó dé yunifásítì tí Webster ti ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-ìwádìí Bernard Price sílẹ̀ ní 1945 láti máa ṣe ìwádìí àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tí egungun wọn ti di òkúta. Láti aṣálẹ̀ Karoo, láti Free State àti láti ẹ̀gbẹ́ òkè Lesotho ni wọ́n ti ń kó egungun wá síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ.

EGUNGUN ÀMÚGA

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ egungun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Bí ẹ bá fi ìka kan ìsàlẹ̀ ọrùn yín níwájú, ẹ ó kan egungun gbọọrọ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n ti òkè àyà lọ dé èjìká. Adìẹ náà ní i. Ṣùgbọ́n ní ara adìẹ, egungun méjèèjì ti so pọ̀ di ọ̀kan, ó sì pín sí méjì lókè bí igi kátápọ́ọ̀tù tí àwọn ọmọdé fi ń ta òkò sí ẹyẹ. Ẹni tí ó bá ti jẹ àyà adìẹ rí mọ̀ ọ́n dáradára. Nítorí ìrísí rẹ̀, a ó máa pè é ní egungun àmúga. Ní ara àwọn ẹyẹ kan tí àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ ayàwòrán wò bí wọ́n ti ń fò, egungun yìí ń là, ó sì ń padà bọ̀ sípò bí sípíríìngì nígbàkúùgbà tí ẹyẹ bá ju apá.

Egungun kékeré tí a ń sọ dànù lẹ́yìn oúnjẹ ọdún yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀.

ẸYẸ TÍ Ó NÍ EYÍN

Ní ọdún 1859 ni Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn alátakò rẹ̀ bèèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni àwọn ẹ̀dá tí ó wà ní agbedeméjì wà? Kò pẹ́ kò jìnnà, ìdáhùn kan jáde láti ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní agbègbè Solnhofen ní Jámánì. Ní 1861 ni ayé gbọ́ nípa ẹ̀dá kan tí wọ́n sọ ní Archaeopteryx. Ìyẹ́ bo apá rẹ̀ bí ti ẹyẹ, ó sì ní egungun àmúga. Ṣùgbọ́n ó ní eyín lẹ́nu, ó ní èékánná lórí ìka apá rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì jẹ́ egungun gbọọrọ bí ìrù alángbá. Ó ti tó mílíọ̀nù 150 ọdún tí ó ti gbé ayé.

Thomas Huxley, ọ̀rẹ́ Darwin, ni ó kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ọn gidigidi, ní 1868, pé bí a bá fi egungun àwọn dáínósọ̀ kéékèèké wé ti ẹyẹ, ìbátan ni wọ́n. Ó wo ìbàdí, ó wo itan, ó wo ọrùn-ẹsẹ̀, ó sì rí i pé ìrísí kan náà ni. Ìbá dára bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò parí.

ARÁ DENMARK ÀTI ẸRANKO ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ

Ní 1913, Robert Broom, oníṣègùn ọmọ Scotland tí ó ti fi Gúúsù Áfíríkà ṣe ilé, sọ ẹranko àtijọ́ kan lórúkọ: Euparkeria. Aliwal North ni wọ́n ti rí egungun rẹ̀. Kò gùn tó mítà kan, ó sì ti gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 245 ọdún sẹ́yìn, kí dáínósọ̀ tó gbilẹ̀. Broom sọ pé irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ baba ńlá fún dáínósọ̀ àti fún ẹyẹ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Gerhard Heilmann, ayàwòrán ará Denmark kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ egungun ẹyẹ wò. Ní 1926 ni ìwé rẹ̀ lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹyẹ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Heilmann kò sọ̀rọ̀ láìwádìí. Ó mú egungun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ti ẹyẹ wé ti dáínósọ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé kò sí ẹranko mìíràn tí ó jọ ẹyẹ tó wọn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan kù. Ó ní dáínósọ̀ kò ní egungun èjìká tí ó di àmúga lára ẹyẹ. Ìran wọn ti pàdánù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin tí àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà ni pé ohun tí ìran kan bá ti pàdánù kì í tún padà hù. Nítorí náà, ó ní ẹyẹ kò lè ti ara dáínósọ̀ wá. Ó fò wọ́n dá, ó padà sẹ́yìn lọ sí irú ẹranko Broom, Euparkeria, tí ó ní egungun náà.

Báyìí ni ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà kan ṣe di baba ńlá ẹyẹ nínú ìwé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni à ń ṣojú fún. Lónìí a mọ̀ pé Euparkeria jẹ́ ìbátan àwọn baba ńlá ọ̀nì, dáínósọ̀ àti ẹyẹ, ó sì ṣe pàtàkì nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kò ti ara irú rẹ̀ já sí ojú ọ̀run láìgba àárín dáínósọ̀ kọjá.

Níbo ni Heilmann ti ṣì í? Ìrònú rẹ̀ tọ́. Ìpìlẹ̀ tí ó gbé e lé ni kò dúró. Ohun tí a kò tí ì rí ni ó pè ní ohun tí kò sí. Egungun èjìká kéré, ó sì tínrín. Nígbà tí ẹran bá jẹrà, tí omi bá gbé egungun rẹ̀ kiri, òun ni yóò kọ́kọ́ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì retí rẹ̀ lè rí i kí ó má mọ̀ ọ́n. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 1924, kí ìwé Heilmann tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ya àwòrán egungun náà lára dáínósọ̀ kan láti Mongolia, Oviraptor, ṣùgbọ́n orúkọ egungun mìíràn ni wọ́n pè é. Ọmọ Mongolia kan, Rinchen Barsbold, ni ó wá tọ́ka sí i ní 1983 pé egungun àmúga ni.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÒ

Ní 1964 ni John Ostrom ti Yunifásítì Yale rí dáínósọ̀ kan ní Montana ní Amẹ́ríkà, tí ó sọ ní Deinonychus ní 1969. Nígbà tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ wé apá Archaeopteryx, ìka mẹ́ta wọn, egungun ọrùn-ọwọ́ wọn àti bí wọ́n ti ń ká apá wọn jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ní àwọn ọdún 1970 pé òótọ́ ni Huxley sọ. Àwọn ènìyàn tún bi í pé: egungun àmúga ńkọ́?

Àwọn àgbà wa sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Láti 1854 ni Richard Owen ní Lọ́ńdọ̀nù ti sọ dáínósọ̀ kan ní Massospondylus, láti ara egungun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti agbègbè Harrismith ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹranko ọlọ́rùn gígùn ni, tí gígùn rẹ̀ tó mítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, egungun rẹ̀ sì pọ̀ ní ilẹ̀ náà. Kódà, àwọn ará ibẹ̀ ti ń rí i ṣáájú Owen: egungun ìka Massospondylus kan wà nínú ihò àpáta Bolahla ní Lesotho, tí àwọn onímọ̀ sọ ní 2024 pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e débẹ̀ ní ọ̀rúndún díẹ̀ kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fún un lórúkọ.

Nínú àwọn Massospondylus tí wọ́n kó sí Johannesburg, a rí èyí tí egungun rẹ̀ kò fọ́nká, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn wà ní ipò tí ó wà nígbà tí ẹranko náà kú. Ní 2005, Adam Yates àti Cecilio Vasconcelos tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Egungun èjìká méjèèjì wà níbẹ̀. Wọ́n ti èjìká méjì wá, wọ́n sì fi orí kan ara wọn láàárín àyà, ìrísí wọn sì jọ egungun àmúga.

Kí òye yìí má ba à dàrú, kì í ṣe Massospondylus ni ó bí ẹyẹ. Ẹ̀ka mìíràn ni tirẹ̀ nínú ìdílé dáínósọ̀. Àbúrò baba ni, kì í ṣe baba. Ṣùgbọ́n bí egungun kan bá wà lára ọmọ ẹ̀gbọ́n, tí ó sì wà lára ọmọ àbúrò, a mọ̀ pé baba tí ó bí wọn ní i. Ìran dáínósọ̀ kò pàdánù egungun èjìká rẹ̀ rárá. Láàárín àwọn dáínósọ̀ ẹlẹ́ran tí ó bí ẹyẹ, a ti rí egungun àmúga lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn báyìí. Ohun tí Heilmann fi dí ojú ọ̀nà ti kúrò.

ẸYIN, ÒKÚTA INÚ IWE ÀTI ÌYẸ́

Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó fún ọ̀rọ̀ tí ó tóbi báyìí. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́ta kún un.

Ní 1976, James Kitching ti ilé-ìwádìí Bernard Price rí ẹyin tí ó ti di òkúta ní ọgbà ẹranko Golden Gate ní Free State. Ẹyin náà wà nínú ilé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ tó láti họ òkúta kúrò lára rẹ̀. Ní 2005 ni wọ́n kéde pé ọmọ Massospondylus tí kò tí ì jáde wà nínú rẹ̀, láti nǹkan bí mílíọ̀nù 190 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà lọ síbẹ̀, wọ́n rí ìtẹ́ tí ó tó mẹ́wàá. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, ẹyin 34 ni ó wà. Ìtẹ́ wà lókè ìtẹ́ nínú àpáta, èyí tí ó fi hàn pé àwọn abiyamọ ẹranko náà ń padà wá yé síbẹ̀. Àríyànjiyàn pé adìẹ ni ó ṣáájú tàbí ẹyin, tí àwa fi ń pa ara wa lẹ́rìn-ín, ti ní ìdáhùn: ẹyin ti wà láyé fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí adìẹ kan tó kọ.

Èkejì ni ti agbègbè Kirkwood ní ìpínlẹ̀ Eastern Cape. Ní 1996 ni wọ́n rí dáínósọ̀ kékeré kan níbẹ̀, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà kan lọ. Ní 2000 ni wọ́n fún un ní orúkọ èdè Xhosa: Nqwebasaurus thwazi. Nqweba ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ilẹ̀ náà. Thwazi ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Inú ẹ̀ka dáínósọ̀ tí ẹyẹ ti jáde ni ó wà. Òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nínú ikùn rẹ̀. Ìyàwó ilé wo ni kò mọ ohun tí a ń rí bí a bá la iwe adìẹ?

Ẹ̀kẹta ni ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 1996 ni wọ́n gbé Sinosauropteryx jáde láti ìpínlẹ̀ Liaoning ní China: dáínósọ̀ tí kò lè fò, ṣùgbọ́n tí ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ara rẹ̀ bí ti òròmọdìẹ. Láti ìgbà náà wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ní 2003 wọ́n fi hàn pé Microraptor ní ìyẹ́ gígùn ní apá àti ní ẹsẹ̀. Ní 2012 wọ́n gbé Yutyrannus jáde, tí ó gùn tó mítà mẹ́sàn-án, tí ìyẹ́ sì bò ó. Ìyẹ́ ti wà, nítorí náà, kí fífò tó dé. Ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ wà fún òtútù àti fún ẹ̀ṣọ́, kí ó tó wúlò fún ojú ọ̀run.

ṢÉ ALÁNGBÁ ÒNÍ YÓÒ DI ẸYẸ?

Ẹnìkan lè sọ pé: alángbá ń sáré lórí ògiri wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, a kò sì rí i kí ọ̀kan hu ìyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí à ń sọ mu. Kò sí onímọ̀ kan tí ó sọ pé alángbá di ẹyẹ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé alángbá àti ẹyẹ ní baba ńlá kan náà ní àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan bí èkejì. Àgbẹ̀ tí ó ń fi èso tí ó dára jù ṣe irúgbìn lọ́dọọdún mọ̀ bí ìyípadà kékeré ti ń di ńlá. Ní ayé ẹranko, ebi, òtútù àti ọ̀tá ni àgbẹ̀ tí ń ṣa irúgbìn náà. Ọdún rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù.

Ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́nu ni pé nínú gbogbo ẹ̀dá tí ó wà láàyè, ọ̀nì ni ìbátan tí ó sún mọ́ ẹyẹ jù. Ọ̀nì àti adìẹ sún mọ́ ara wọn ju ọ̀nì àti alángbá lọ. Ọkàn ọ̀nì ní yàrá mẹ́rin bí ti adìẹ. Ti alángbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2010, Colleen Farmer àti Kent Sanders fi hàn pé ní ara ọ̀nì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá nínú ẹ̀dọ̀-fóró, bí ó ti ń ṣe lára ẹyẹ. Ní 2016, Nicolas Di-Poï àti Michel Milinkovitch fi hàn pé ìpẹ́ ara ọ̀nì, ejò àti alángbá bẹ̀rẹ̀ nínú ẹyin láti ara irú kókó ara kan náà tí ìyẹ́ ẹyẹ fi ń bẹ̀rẹ̀.

ÌJỌBA TÍ Ó BẸ̀RÙ EGUNGUN

A ti sọ pé egungun wọ̀nyí wà ní Johannesburg. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn òmìnira bèèrè ni pé: ta ni wọ́n jẹ́ kí ó mọ̀ nípa wọn?

Láti 1948 tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti gorí àga, wọn kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nípa ìyípadà ẹ̀dá wọ inú ètò ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Òfin ẹ̀kọ́ Bantu ti 1953 gé ìmọ̀ àwọn ọmọ dúdú kúrú. Òfin 1959 sì ti ilẹ̀kùn àwọn yunifásítì bíi Witwatersrand mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, àfi ẹni tí mínísítà bá fún ní ìwé àṣẹ. Ọmọ Soweto lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwádìí náà kọjá lójoojúmọ́ kí ó má sì gbọ́ rí pé egungun ilẹ̀ baba rẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ayé ń bèèrè. Ní 2008, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn òmìnira, ni ẹ̀kọ́ yìí tó wọ kíláàsì àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Gúúsù Áfíríkà.

Wọ́n fi ìgbàgbọ́ ṣe bojúbojú. Ṣùgbọ́n Broom fúnra rẹ̀ gbà pé agbára ẹ̀mí kan ni ó ń darí ìyípadà ẹ̀dá, ọ̀pọ̀ Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí onímọ̀ ni kò sì rí ìjà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí a fi ìmọ̀ Broom bo àléébù rẹ̀ pẹ̀lú: ọkùnrin kan náà ń kó egungun àwọn ará Khoisan tí ó kú jọ fún ìwádìí ẹ̀yà, bí ẹni pé òkú wọn kò ní ẹbí. Ìmọ̀ àti ìkà lè gbé inú ènìyàn kan. Ẹ̀kọ́ tí ó sọ pé gbogbo ènìyàn jẹ́ ìdílé kan ṣòro fún ìjọba tí ó ń to ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ bí àkàbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè tọ́jú egungun sínú àpótí, kí wọ́n sì ti àpótí náà mọ́ ọmọ onílẹ̀.

IṢẸ́ Ẹ̀YIN OLÙKỌ́

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ẹ̀kọ́ nípa ìyípadà ẹ̀dá wà nínú ètò ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì fún ìdánwò WAEC. Kò sí ìjọba tí ó fi òfin dí wa lọ́wọ́. Ohun tí ó ń dí wa lọ́wọ́ ni èrò pé ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ti òyìnbó, ohun èlò rẹ̀ sì wà ní òkèèrè. Irọ́ ni méjèèjì. Olùkọ́ tí ó bá ní egungun adìẹ kan tí a ti bọ̀ tí a sì ti sá sí oòrùn ní ohun èlò lọ́wọ́. Kí ó gbé egungun àmúga lé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ kejì wá irú rẹ̀ lábẹ́ ọrùn ara rẹ̀. Kí ó ṣẹ́ egungun apá, kí wọ́n rí i pé ó ṣófo nínú. Kí ó ka ìka mẹ́ta tí ó fara pamọ́ sí ìparí apá náà. Kí ó la iwe, kí wọ́n ṣa òkúta inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó sọ ìtàn Massospondylus àti ti Heilmann fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó bá sọ pé nǹkan kò sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá a dé ìsàlẹ̀ àpótí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé Yorùbá kò lè gba irú ẹ̀kọ́ yìí, kí ó rántí ìdánwò tí ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ti ń fi Xhosa àti Sesotho sọ dáínósọ̀ wọn lórúkọ: ní 2018, àwọn onímọ̀ Witwatersrand pe ọ̀kan tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 12 ní Ledumahadi, èyí tí í ṣe àrá ńlá ní Sesotho. Orúkọ náà ti wọ ìwé gbogbo ayé báyìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹranko náà, ì báà jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù tàbí ará Pekin, gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń pe Sesotho.

Àpáta ilẹ̀ tiwa náà kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Àwọn tí yóò gbọ́ ọ wà lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dìde bèèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ, ẹ má ṣe ní kí ó jókòó. Ẹ rán an lọ mú egungun wá.